Ààlà Tí Ọdẹ́tóyìnbó Lọ Pa sí Inú Ògbólógbòó Kọ̀ǹpútà

Ẹ sún ìjókòó yín mọ́ra. Ẹni tí ikọ́ bá ń dà láàmú, kó lọ wú u tán lẹ́yìn ọgbà kó tó wá jókòó, nítorí èmi kì í dúró de ẹnikẹ́ni bí mo bá ti la ẹnu. Ìtàn ti òní kì í ṣe ti ẹfọ̀n tí mo fi ọwọ́ lásán mú ní Igbó Ọ̀sánkú. Ẹ ti gbọ́ ìyẹn. Àwọn kan nínú yín kò gbà á gbọ́, mo mọ̀ yín, ojú yín ni mo ń wò yìí. Ṣùgbọ́n ẹfọ̀n náà gbà á gbọ́ kó tó kú, ìyẹn sì tó mi.

Ti Ọdẹ́tóyìnbó ni mo fẹ́ sọ, ọ̀rẹ́ mi, ọmọ agboolé Aláàpáta ní Òkè-Agbede. Ọkùnrin tó wọ igbó tí kò ní igi, tí kò ní ẹran, igbó tí àwọn ọmọ aráyé ń fi owó ara wọn rà wá sínú ilé, tí wọ́n tún ń fi aṣọ bò ó kí eruku má baà bà lé e. Inú kọ̀ǹpútà ni mo ń wí. Ẹ ti rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká máa bọ̀.

Ọdẹ́tóyìnbó láyà, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kì í gba ìmọ̀ràn. Bí o bá ní kó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, ti òsì ni yóò fi wọlé, bó bá sì kọsẹ̀, yóò ní ẹnu ọ̀nà ni kò dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ dé góńgó. Àwẹ̀ró ni ìyá náà ń jẹ́, òun nìkan ló sì kù láyé tó mọ oríkì Aláàpáta láti orí dé ìdí. Àwọn yòókù nínú agboolé, bí wọ́n bá ti pe ìlà àkọ́kọ́ tán, wọn a máa kùn wúyẹ́wúyẹ́ sínú, wọn a sì ṣe bí ẹni pé omijé ni kò jẹ́ kí wọ́n rí i sọ mọ́.

Nígbà tí ara Ìyá Àwẹ̀ró kò le mọ́, ó pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá jókòó kí òun kọ́ ọ ní oríkì. Ọdẹ́tóyìnbó a ní, "Mo ń bọ̀, ìyá mi, ẹran kan ń dúró dè mí lóko." Irú ẹran wo ní í dúró de ọdẹ? Àyọ̀ká, ọmọbìnrin Ọdẹ́tóyìnbó tó jẹ́ olùkọ́, ló ṣe ohun tó yẹ. Ó ní ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan, irú èyí tó yọkùn sẹ́yìn bí aláboyún. Ó gbé gbohùngbohùn sí ìyá àgbà lẹ́nu, ìyá àgbà sì ki gbogbo oríkì náà sínú rẹ̀ láìku ìlà kan. Inú Ọdẹ́tóyìnbó dùn. Ó ní, "Ó ti bùṣe. Nígbà tó ti wà nínú ẹ̀rọ, kí ni mo tún fẹ́ kó o sí agbárí fún?" Kò pẹ́ sí i ni ìyá papò dà. Wọ́n sin ín bó ṣe yẹ. Èmi ni mo yin ìbọn tó dún jù lọ́jọ́ náà.

Ìgbà tó yá, àìsàn kọlu kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ó di ìgbà tí oòrùn bá kàn tàrí kó tó la ojú. Yóò máa kérora, inú rẹ̀ yóò máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yóò di àwọ̀ aró, yóò sì padà sùn. Àyọ̀ká yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí.

Ó ní, "Bàbá mi, háàdì rẹ̀ ló kún, kòkòrò sì ti wọ̀ ọ́."

"Kí ló ń jẹ́ háàdì?"

"Ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni, ibẹ̀ ló ń kó gbogbo ẹrù sí. Ilẹ̀ náà kò ní ààlà. Ẹrù ilé, ẹrù àlejò, ìdọ̀tí, kòkòrò, gbogbo wọn ló wà pọ̀, ohùn ìyá àgbà sì wà láàárín wọn. Gbogbo ojú ihò tí à bá gbà gbé e jáde ló ti dípẹtà. Ohun tó kù ni ká fọ́máàtì rẹ̀, ká dáná sun gbogbo ohun tó wà lórí ilẹ̀ náà, ká wá kọ́ ilé tuntun sí i."

Ọdẹ́tóyìnbó fò sókè. "Kí ẹ dáná sun ìyá mi?"

"Ìyẹn ni mo ṣe ní ká pààlà sí i kí iná tó dé, bàbá mi. A ó pín ilẹ̀ náà sí méjì, ńlá lápá kan, kékeré létí. A ó gbé ìyá àgbà sínú kékeré. Ńlá ni iná yóò jó. Kò ní fọwọ́ kan kékeré. Ẹ gbọ́ mi bí? Kékeré. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ pààlà náà láti ìta níbí, ó ń sùn mọ́ mi lọ́wọ́. Àfi kí ẹnìkan wọ inú rẹ̀ lọ."

Gbogbo agboolé ti pé jọ síbẹ̀. Wọ́n mọ ohun tó wà ńbẹ̀: bí ohùn yẹn bá jóná, agboolé Aláàpáta di agboolé tí ẹnikẹ́ni kò mọ bí a ṣe ń kì í mọ́. Ọmọ wọn yóò ṣe ìyàwó, wọn yóò fi sísúfèé sìn ín lọ ilé ọkọ. Ni Ọdẹ́tóyìnbó bá dìde, ó ní òun ni yóò lọ. Ó so egbé baba rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́, ó di igi pèrègún mọ́ ẹ̀yìn, ó fi orí kan ẹnu ihò tí wọ́n ń gbà ki àwo síídì bọ inú kọ̀ǹpútà náà, ó pe ohun tí ọdẹ ń pè, a kò sì rí i mọ́.

Kí ni o wí, Láníyọnu? Báwo ni ọkùnrin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ṣe gba inú ihò náà? Nígbà tí ìwọ sọ fún wa pé o rí erin lórí igi àràbà, ta ló bi ọ́ léèrè bó ṣe sọ̀ kalẹ̀? Ṣé mo bá a lọ ńkọ́? Orúnkún ń dùn mí lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n àdá mi ló mú lọ, àdá náà sì ni ó ṣe iṣẹ́ jù.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ pàdé ni òjíṣẹ́ kan tó jókòó sẹ́nu ibodè, olójú kan gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, tó ń ṣẹ́jú pákápáká láìdúró. Ṣé-Ó-Dá-Ọ-Lójú ni orúkọ rẹ̀, nítorí kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.

Ọdẹ́tóyìnbó ní, "Mo fẹ́ wọlé."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Bí kò bá dá mi lójú, ṣé n ó wá síbí ni?"

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ọmọ Aláàpáta ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀!"

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

Ẹ wò ó, lọ́dọ̀ wa, bí o bá bi àgbàlagbà ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì, òpùrọ́ lo pè é. Inú bí Ọdẹ́tóyìnbó débi pé irun àyà rẹ̀ dìde. Ó ní ó dá òun lójú, kí ìyá ẹni tó ń bi òun ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sì rọra máa gbọ́. Òjíṣẹ́ náà ṣílẹ̀kùn. Kò bínú rárá. Èyí sì tún bí Ọdẹ́tóyìnbó nínú.

Nígbà tó wọlé, ilẹ̀ ń yí. Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ gaàrí, ó sì ń yí gbirigbiri láìsinmi. Ọdẹ wa ki eré mọ́lẹ̀. Ó sáré, ó sáré, ó tún bá ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta tó ti kọ́kọ́ kọjá. Ó tún sáré, òkúta náà ló tún rí. Ìgbà tí èémí rẹ̀ fẹ́ pin ló tó wó jókòó, ó bú ilẹ̀ náà, ó sì rí i pé bí òun ṣe jókòó yẹn, ìlú ń kọjá níwájú òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ kò fẹ́ kí èèyàn lọ síbi kankan. Bí o bá ní sùúrù, ibi tí o ń lọ ni yóò wá bá ọ. Bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ràn ìjókòó.

Ìlú Ẹ̀dà ló kọ́kọ́ dé. Ìyàwó kan náà ló dúró lẹ́nu gbogbo ilẹ̀kùn ìlú náà, gèlè kan náà, ẹ̀rín kan náà, eyín iwájú kan náà tó dá. Ìyàwó aládùúgbò Àyọ̀ká ni, tí wọ́n gbé àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ wá pé kí Àyọ̀ká bá àwọn fi sínú kọ̀ǹpútà, tó fi sí i, tó gbàgbé, tó tún fi sí i. Àwọn ìyàwó náà yí ọdẹ wa ká. Wọ́n ní, "Ọdẹ, èwo nínú wa ni ojúlówó? Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, ìwọ náà yóò di púpọ̀." Ọdẹ́tóyìnbó rò ó. Ó ní, "Èyí tí kò bèèrè ni ojúlówó." Kíá ni gbogbo wọn pa ẹnu mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ títí ó fi kọjá lọ. Mo gbà fún un níbẹ̀ yẹn. Ọgbọ́n tí mo kọ́ ọ ni.

Ìlú tó tẹ̀ lé e ni ti àwọn Àbọ̀. Fíìmù ni wọ́n, àwọn tí dátà tán lórí wọn nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọn kò dé tán. Ọ̀kan ní orí àti àyà, kò ní ẹsẹ̀. Òmíràn yọ idà, kò tíì rí ẹni tí yóò bẹ́. Obìnrin kan ń sunkún pé, "Bí mo bá sọ ẹni tó bí ọmọ yìí fún ọ..." ibẹ̀ ni gbólóhùn rẹ̀ mọ, ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà náà. Gbogbo wọn rọ̀ mọ́ Ọdẹ́tóyìnbó lẹ́sẹ̀, wọ́n ní kò ní kọjá àfi bó bá sọ bí ìtàn àwọn ṣe parí. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí purọ́. Ó gbé ọmọ fún baálé ilé, ó jẹ́ kí olídà pa aya rẹ̀, ó tún jí aya náà dìde nígbà tí olídà bú sẹ́kún. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n kì í, wọ́n sì la ọ̀nà fún un.

Lẹ́yìn wọn ni Kòkòrò. Kò jọ kòkòrò o. Ọkùnrin kan tó dára lójú ni, ó wọ aṣọ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọdẹ ńlá, wọ́n ti mú orúkọ yín! Ẹ ti jẹ ẹ̀bùn! Ẹ kàn fọwọ́ tẹ ibí yìí." Ọdẹ́tóyìnbó, tó mọ̀ pé ẹ̀bùn òjijì kì í ṣe ti ọlọ́wọ̀, yọ àdá mi, ó là á sí méjì. Ó di ọkùnrin méjì. Ó tún là wọ́n, wọ́n di mẹ́rin, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó kàn fọwọ́ tẹ ibí yìí. Nígbà tí pápá kún fún ẹ̀rín tán, ó wá yé e pé fífọwọ́kàn ni oúnjẹ wọn. Ó jókòó, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ abíyá, ó di ojú, kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin ará, nínú gbogbo ìdánwò tó rí lọ́nà, èyí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ọkùnrin tí kò lè rí ọmọ aládùúgbò kó ń fọ abọ́ kó má bá a dá sí i! Wọ́n pè é ní ọ̀lẹ, ó gbọ́, kò fèsì. Wọ́n pè é ní ojo, àgbọ̀n rẹ̀ gbọ̀n, kò fèsì. Nígbà tó yá, ebi pa wọ́n, wọ́n wó palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbẹ.

Bó ṣe la ojú báyìí, ohùn kan ni ó gbọ́. Ìyá rẹ̀ ni. Ìyá Àwẹ̀ró jókòó lórí àpótí kékeré lójú pópó, ó ń ki oríkì Aláàpáta, ẹnikẹ́ni kò sì jókòó tì í láti gbọ́. Ọdẹ́tóyìnbó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹkún gbọ̀n ọ́n. Àárò ìyá náà ti sọ ọ́ kọjá ohun tó lè sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Ìyá wò ó. "Ìwọ ni? O ti jẹun?"

"Rárá o, ìyá mi. Mo wá gbé yín ni. Iná ń bọ̀."

"Iná ń bọ̀, o kò sì jẹun." Ìyá pòṣé.

Ọdẹ́tóyìnbó nu ojú, ó tú pèrègún lẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbìn wọ́n ní ìlà gbọọrọ, bí baba rẹ̀ ṣe ń gbìn wọ́n sáàárín oko méjì kí ọmọ ìyá méjì má baà ṣá ara wọn lógbẹ́. Bó ṣe ri èyí tó gbẹ̀yìn mọ́lẹ̀, ilẹ̀ dún gììrì, ó sì pín. Ńlá wà lápá ọ̀hún, pẹ̀lú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní àárín rẹ̀. Kékeré wà létí, kò ní ju ilé ewúrẹ́ lọ. Títí dé ibẹ̀ yìí, ẹ̀yin èèyàn mi, Ọdẹ́tóyìnbó kò ṣe àṣìṣe kankan. Bó bá ti gbé ìyá sínú kékeré ni, ǹ bá ti dákẹ́, ẹ bá sì ti padà sídìí ẹmu yín.

Ìyá wo ńlá, ó wo kékeré. Ó ní, "Èwo ni tèmi níbẹ̀?" Kò fi ohùn líle sọ ọ́. Ó kàn wo ilé ewúrẹ́ náà, ó sì tún aṣọ rẹ̀ ró.

Ojú ti Ọdẹ́tóyìnbó. Ta ló ń gbé ìyá rẹ̀ sétí ìgbẹ́? Kí ni àwọn ará Ìlú Ẹ̀dà yóò wí? Ó rántí ọ̀rọ̀ Àyọ̀ká, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ọmọ yìí gbé ọ̀rọ̀ náà sódì. Ọmọdé ni, kò mọ̀. Níbo ni wọ́n ti ń dáná sun pálọ̀, tí wọ́n ń dá ilé ewúrẹ́ sí?" Ó mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó gbé e wọ ilé ńlá, ó fi í jókòó sí yàrá iwájú níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ó wá padà sígboro, ó kó àwọn ìyàwó tó dá eyín, ó kó àwọn Àbọ̀, ó tì wọ́n sínú kékeré. Ó ní kí iná wá mú àwọn ìyẹn.

Lẹ́yìn náà ó pe iná. Ẹni tí àwọn ọmọ wa ń pè ní Fọ́máàtì jáde wá, ó ga, kò ní irun ojú, ó gbé ìtùfù dání. Ṣé-Ó-Dá-Ọ-Lójú ń rìn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ohun tó bá wà níbẹ̀ kò ní sí mọ́. Ṣé ó dá ọ lójú?"

Ẹ kò rí nǹkan? Òjíṣẹ́ tí kò sọ ju ọ̀rọ̀ kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a, ó fi gbólóhùn kún un nítorí ọkùnrin yìí! Ẹlòmíràn ì bá ti dúró kó rò ó. Ọdẹ́tóyìnbó yọ ojú, ó ní, "Ó dá mi lójú, ó dá mi létí, ó dá mi nímú! Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀!"

Fọ́máàtì yí padà, ó sì kọrí sí ilé ńlá.

"Ó tì o! Ọ̀hún kọ́! Ìyá mi wà ńbẹ̀!" Ọdẹ́tóyìnbó sáré, ilẹ̀ ń yí, ó bá ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta àkọ́kọ́ yẹn. Kó tó rántí láti jókòó, iná ti kọjá. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò sí mọ́. Eérú ló tẹ́ lọ bí ilẹ̀ ṣe lọ, kò sí àmì, kò sí ilẹ̀kùn. Ọdẹ́tóyìnbó kúnlẹ̀ sínú eérú, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wú u. Ó ní òun ti fi ọwọ́ ara òun pa ìyá òun lẹ́ẹ̀kejì.

Fọ́máàtì ń pa ìtùfù rẹ̀. Ó ní, "Má sunkún bẹ́ẹ̀. Iná kánmọ́-kánmọ́ ni wọ́n ní kí n dá. Orúkọ ni mo sun, n kò sun èèyàn. Ìyá rẹ wà lábẹ́ eérú, níbi tó jókòó sí. Ṣùgbọ́n kò ní orúkọ mọ́, kò sí bí o ṣe fẹ́ pè é kó dáhùn. Àwọn bíríkìlà tí yóò kọ́ ilé tuntun sì nìyẹn." Lóòótọ́, wọ́n ti ń bọ̀ lápá ìsàlẹ̀, wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù. Ibi tí wọ́n bá ti tò ó dé, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ parun.

Ọdẹ́tóyìnbó ké, "Ìyá mi!" Eérú kò mì. "Àwẹ̀ró!" Kò sí ìdáhùn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ti jó, oríkì ló kù tí a lè fi pè é. Oríkì wo? Èyí tí ó ní kí ẹ̀rọ bá òun gbé pamọ́? Ó la ẹnu, ó fi èyí tó mọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì fi àbá gbé ìyókù:

"Ọmọ Aláàpáta, ọmọ a-fẹ̀yìn-ti-odò-sùn..."

Eérú gbọ̀n. Ohùn kan jáde láti abẹ́ rẹ̀, inú sì ń bí ohùn náà.

"Odò wo? Ta ló ń fẹ̀yìn ti odò sùn tí kò ní bá odò lọ? Òkè ni! Ọmọ a-fẹ̀yìn-ti-òkè-sùn. Aláìgbọ́ràn."

Ọdẹ́tóyìnbó bú sẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni ó ń sunkún. Ó tún un pè, ó sì tẹ̀ síwájú: "Ọmọ ẹkùn kọjá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sá wọlé..."

"Sá kẹ̀? Baba rẹ ló sá! Ọmọ ẹkùn kọjá lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò ti ilẹ̀kùn. Gbé ohùn rẹ sókè, o ń kùn bí eṣinṣin."

"Ọmọ a-pẹran-lálẹ́, a-fi-itan-fún-aya..."

"Àwa ni wọ́n fi itan fún? Àlejò ni! Ọmọ a-pẹran-lálẹ́, a-fi-itan-fún-àlejò. Ebi pa èmi sùn lọ́jọ́ náà, n kò gbàgbé."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Ìyá kò lè gbọ́ àṣìṣe kó dákẹ́. Ìyá wo ló lè ṣe é? Bí ọmọ bá ti ṣì í, ìyá a bú u, a sì sọ èyí tó tọ́. Bó bá sì tọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, ìyá a dákẹ́, ẹ̀rù a ba Ọdẹ́tóyìnbó, a sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ìlà tó tẹ̀ lé e. Àwọn bíríkìlà ń sún mọ́ tòsí. Ó ń tún un pè lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ìlà lé ìlà, ó ń wọ inú agbárí tó ní òun kò fẹ́ kó ẹrù sí. Wọ́n pe ìlà tó gbẹ̀yìn nígbà tí búlọ́ọ̀kù ti kan orúnkún rẹ̀.

Ohùn náà ní, "Ó kù díẹ̀ káàtó, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́. Lọ jẹun." Bíríkìlà sì gbé búlọ́ọ̀kù sí ibẹ̀.

Bí egbé ṣe gbé Ọdẹ́tóyìnbó padà dé ilé, kọ̀ǹpútà ti jí. Ara rẹ̀ mọ́, ó ń yára bí ẹni ogún ọdún, àwọn ọmọdé agboolé sì ń pàtẹ́wọ́. Àyọ̀ká ṣí ilẹ̀ kékeré tí iná kò fọwọ́ kàn. Ó bá ìyàwó tó dá eyín níbẹ̀, òun àti gbogbo ẹ̀dà rẹ̀. Ó bá olídà àti aláìlẹ́sẹ̀. Ó wá ohùn ìyá àgbà títí, kò rí i.

Ó bú sẹ́kún. "Bàbá mi, kékeré ni mo wí! Ìyá àgbà dà?"

Ọdẹ́tóyìnbó jókòó sílẹ̀, ó la ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ki oríkì Aláàpáta láti orí dé ìdí, àwọn àgbà obìnrin ń nu ojú. Ṣùgbọ́n bí ìyá ṣe pè é fún un ni òun náà ṣe pè é. Kò yọ nǹkan kan kúrò. Ó ní òun kò mọ èyí tó jẹ́ oríkì, òun kò mọ èyí tó jẹ́ èébú, ẹnu kan náà ló gbọ́ wọn, ta sì ni òun tí òun yóò máa pààlà sí ọ̀rọ̀ ìyá òun? Ààlà tí òun pa lẹ́ẹ̀kan tó.

Bí ẹ bá dé Òkè-Agbede lónìí, tí wọ́n ń sin ọmọ Aláàpáta lọ ilé ọkọ, ẹ dúró kí ẹ gbọ́ ọ. Ìyàwó yóò kúnlẹ̀, àwọn obìnrin ilé yóò sì gbé ohùn sókè lé e lórí pé, "Ọmọ Aláàpáta, ọmọ a-fẹ̀yìn-ti-òkè-sùn, ta ló ń fẹ̀yìn ti odò sùn tí kò ní bá odò lọ? Aláìgbọ́ràn! Ọmọ ẹkùn kọjá lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò ti ilẹ̀kùn, baba rẹ ló sá! Gbé ohùn rẹ sókè, o ń kùn bí eṣinṣin! Ọmọ a-pẹran-lálẹ́, a-fi-itan-fún-àlejò, ebi pa èmi sùn lọ́jọ́ náà, n kò gbàgbé!" Orí ìyàwó yóò wú, omijé yóò máa bọ́ lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá fo èébú kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kò ní dìde.

Ohun tí mo gbọ́ tí mo sì rí ni mo sọ fún yín, bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, orúnkún mi ló pa á. Ẹ gbé akèrègbè yẹn wá síhìn-ín.